Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lára Ọmọ Bíríkìlà

"Ẹ na ọwọ́ yín, sà," ni obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wí láìgbójú sókè.

Àgbàlagbà kankan kò tíì fi "ẹ" bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rí. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. Ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, orúkọ bàbá náà ni wọ́n sì pè.

Bàbá ọ̀hún wà níta, ó ní òun ń ṣọ́ alùpùpù. Bíríkìlà ni, Àpáta ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, àmọ́ abẹ́rẹ́ ń dẹ́rù bà á. Àìsàn ọkàn ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójijì, ni dókítà bá ní kó wá yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ó lè dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn.

"Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wa," ni ó ti wí nílé. "Bá mi lọ, màá ra bàtà bọ́ọ̀lù yẹn fún ẹ." Ọmọ náà mọ̀ pé kò dáa. Bàtà ló ṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ èsì, bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, bàbá," ni dókítà wí. "Òní lẹ máa bẹ̀rẹ̀ oògùn."

Àpáta rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dààmú, dókítà, kì í ṣe..." Ó wo ọmọ rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá lanu, ọmọ náà ì bá wọlé. Ó tẹjú mọ́ bàtà, omijé sì ń bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn."

"Èmi ni mo rán an," ni bàbá wí. Ó sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Dókítà kò pariwo. "Irú èyí máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ti ọmọ bá rí báyìí, ti bàbá ńkọ́? Irọ́ yìí ì bá pa ẹni méjì."

Ọjọ́ náà gan-an ni Àpáta di ojú, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì na apá. Nígbà tí èsì jáde, tirẹ̀ burú ju ti ọmọ lọ. Àwọn méjèèjì ti jọ ń gba ìtọ́jú báyìí. Bàtà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá rí i, ojú á tún tì í.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin ọmọ, àgbà náà máa ń bẹ̀rù, àgbà sì máa ń ṣìṣe. Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kò ní bá a purọ́. Á fi ọ̀wọ̀ kọ̀, á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.