Omi Ìnurí Onígbàjámọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ òórùn omi apakòkòrò pupa rúsúrúsú tí ẹ̀gbọ́n mi, onígbàjámọ̀, fi ń nu orí oníbàárà lẹ́yìn fífá.

Bó bá ti nu orí bíi mélòó kan, ọwọ́ á máa yún un, ìpénpéjú rẹ̀ á wú. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ojú yín tún ti di búrẹ́dì!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ìpá ló gbé e dé ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ.

"Bàbá, ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara yín ò gbà?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Rárá o. Hóró ni o, abẹ́rẹ́ ni o, gbogbo ẹ̀ lara mi ń gbà."

Wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n nu ikùn rẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó kàn án, ara rẹ̀ ti pọ́n, mímí ti ṣòro, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Agbára káká ni wọ́n fi rí i gbà padà. Wọn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà mọ́.

"Oògùn oorun ló fẹ́ pa mí," ó ní. "N ò padà síbẹ̀ mọ́."

Ìpá sì ń tóbi. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí ìfun bá há sínú rẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìyàwó rẹ̀ wọ́ ọ lọ bá dókítà tó ń fúnni ní oògùn oorun.

"Yàtọ̀ sí oògùn, Bàbá, kí ló máa ń yún yín lára?"

"Kò sí."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí kẹ̀? Omi ìnurí yín ńkọ́? Ẹ̀yin Bàbá Olójú Búrẹ́dì!"

"Obìnrin yìí, ṣé oògùn nìyẹn? Omi mà ni!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi gbé ìgò rẹ̀ wá."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, dókítà ka ara ìgò náà. "Irú rẹ̀ gan-an la fi nu ikùn yín."

Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, òótọ́ ni pé omi náà ni ara rẹ̀ ò gbà. Nígbà tó padà lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, apakòkòrò mìíràn ni wọ́n lò. Bó ṣe lajú, oúnjẹ ló kọ́kọ́ béèrè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ má dúró lórí hóró àti abẹ́rẹ́ nìkan. Omi ìfọnu, omi ìfọwọ́, ìpara ojú egbò, ohunkóhun tó bá ti mú ara yín yún tàbí wú rí, ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara yín kò gbà á, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ máa mú un dání.

Ẹ sì mú ẹni tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé lọ́wọ́ lọ. Ó lè rántí ohun tí ẹ̀yin ò kà sí.