Òpó Ilẹ̀kùn Tí Akunlé Kùn

Lọ́jọ́ tí akunlé kọ́kọ́ wọ ilé náà, orí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé ló lọ gbé ìdí lé. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń pè ní Oníkọ́kọ́rọ́, ní kó dìde kíá, ẹni tó ni àga ti kú láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Akunlé ní òkú kò lè máa bá alààyè du àga. Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ilé kékeré tí ìdílé òyìnbó kan gbé láyé ìjọba wọn ni, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Baba Oníkọ́kọ́rọ́ ni olórí ibẹ̀. Bàbá kò fẹ́ràn akunlé rárá. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí akunlé fi oṣù mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọmọ rẹ̀, ó ní kó parí iṣẹ́ ilé tó ń kùn ná, kó wá mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Inú akunlé dùn dé góńgó, ló bá ṣe kọjá ohun tí wọ́n rán an. Ó rí òpó ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí ìlà pẹ́ńsù kún ara rẹ̀ bí ìdọ̀tí, ó fi sáńpépà họ ọ́, ó kùn ún ní funfun báláú.

Háà, ó ti bà á jẹ́! Àmì gíga àwọn ọmọ òyìnbó ni ìlà wọ̀nyẹn, tí ìyá wọn ń fà lọ́dọọdún. Nísàlẹ̀ wọn, àmì ọmọ kúkù wà níbẹ̀. Bàbá ni ọmọ kúkù yẹn.

Bàbá wá síbẹ̀. Ó fọwọ́ pa òpó náà títí.

"Ogún ọdún ni ìyá mi fi dáná nílé yìí. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó fi hàn pé a gbé ibí rí."

Akunlé bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá ní òun kò bá a jà, àmọ́ òun kò ní lè pè é ní àna láéláé. Oníkọ́kọ́rọ́ fẹ́ràn akunlé dé mùdùnmúdùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ojú baba rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà, kò lè fi í sílẹ̀ kó lọ ṣègbéyàwó.

Akunlé wá kó àkàbà rẹ̀.

"Ààyò mi, ṣé kò sí ọ̀nà mọ́ ni?"

"Kò sí. Wá fẹ̀yìn ti òpó yìí."

Oníkọ́kọ́rọ́ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó fi èékánná fa ìlà tín-ín-rín sókè orí akunlé. Wọn kò tún rí ara wọn mọ́.

Ìlà náà wà níbẹ̀ di òní. Bí àlejò bá bi Oníkọ́kọ́rọ́ pé èwo nínú àwọn ọmọ òyìnbó ló ga tó yẹn, á ní òun kò mọ̀.