Níbi Tí Odò Parí Sí

Ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kejì lọ́wọ́, máàpù gbọọrọ lábẹ́ apá: báyìí ni káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ṣe kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Omi ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń bá a du ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń bú téèpù ìwọ̀n kan tó kọ̀ tí kò fẹ́ ká. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. 

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni odò yìí parí sí?"

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ mọ̀?"

Odò tó ń bá òkun kún, tó sì ń bá òkun fà ni. Ìdáhùn gidi nìyẹn ì bá jẹ́, ká ní ó ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín obìnrin náà ló fẹ́ rí, ó sì rí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí omi kún dé lójú ẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó dà wọ́n láàmú lẹ́yìn ìgbà náà, inú ẹ̀rín yẹn ló ti jáde.

Ilé iṣẹ́ ìlagi àtijọ́ ni ibẹ̀, létí odò, láàárín igbó tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ìlagi ti kógbá wọlé láti ọdún mẹ́wàá. Káfíńtà àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù ní igun kan, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti kọ ìlànà tí wọn yóò fi tún ilẹ̀ náà kọ́, kó sì ya máàpù rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìlà rẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe kí wọ́n sì máa lò ó. Ohun tó bá bọ́ sẹ́yìn ìlà, igbó àti odò ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó kan mọ́ ọn.

Bàbá ló sọ ọ́ ní Aláàlà, láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà gba orúkọ náà, ó fi "mi" sí i nídìí. Nígbà yẹn, obìnrin náà ti ń wá wọn ohun tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Á jókòó lórí pákó etí omi, á ka ìlànà rẹ̀ sókè, káfíńtà á máa fetí sílẹ̀ bí ẹni tó yé. Ojú ìwé kẹrin ní wọn kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Ojú ìwé kẹsàn-án ní kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ó yé ọ?"

"Láàárọ̀, ó máa ń yé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá fi yọjú. Lọ́jọ́ náà ló pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ẹni, ilẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ènìyàn. Káfíńtà ò mọ èyí tí ì bá gbàgbọ́, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni àbí ojú obìnrin náà.

Ní oṣù kẹta tí obìnrin náà ti ń wá, wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ẹnu géètì. Bàbá fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wò ó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onípákó tí wọ́n ń gbà fa ọkọ̀ gòkè láti inú omi ti bọ́ sẹ́yìn ìlà. Máàpù ní odò ni. Bí pákó rẹ̀ bá jẹrà, wọn kò ní lè pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tún ọkọ̀ tí kò lè gòkè ṣe. Iṣẹ́ bàbá àti ọmọ ti parí nìyẹn.

Orí káfíńtà dàrú. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Bó bá mọ̀ọ́mọ̀, kí ló ń wá ṣe lọ́dọ̀ òun? Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó bínú sí i lọ́sàn-án, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, méjèèjì ló ń ṣe pọ̀. Nígbà tí obìnrin náà dé, káfíńtà kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí.

"Ẹ" yẹn dun obìnrin náà wọra. Ó ní kí ni òun ṣe. Káfíńtà nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Omi ti fà, pákó aláwọ̀ ewé sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ogójì ìṣísẹ̀ kọjá ibi tí ìlà rẹ̀ wà. Orí pákó yìí gan-an ló ti ń jókòó fún oṣù méjì. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó wo ibi tó jókòó lé.

"Mo bi ọ́ níbi tí odò parí sí," ló wí jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi dá ọ lóhùn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. 

Òfin ọ́fíìsì obìnrin náà sì le. Ẹni tó bá ní ẹni tirẹ̀ lórí ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì ilẹ̀ náà. Bó bá dákẹ́, ó lè sún ìlà náà lọ́la. Bó bá sọ̀rọ̀, fáìlì á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí onítọ̀hún á ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rò ó, tó ń bu iyọ̀ sí tíì dípò ṣúgà. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́ pé, "Sọ pé o ò mọ̀ mí rí."

"Wọ́n á gbọ́ lọ́jọ́ kan," ló fèsì. "Wọ́n á ní nítorí ọkùnrin ni mo ṣe sún un, wọ́n á sì dá a padà. Àti pé mi ò fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì náà pe ìpàdé lórí máàpù, gbọ̀ngàn kún. Alága béèrè, bó ṣe máa ń béèrè, bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kan ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́. Aláàlà dìde.

"Mo ṣe àṣìṣe kan lórí máàpù yìí, mo sì nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àṣìṣe ló ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fáìlì lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ rán ẹlòmíràn lọ wọ̀n ọ́n nígbà tí omi bá fà."

Bàbá, tó jókòó sẹ́yìn, bi ọmọ rẹ̀ bóyá ohun tí òun gbọ́ náà ló gbọ́.

Wọ́n rán àgbà òṣìṣẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú un sọ̀ kalẹ̀, tó di orí téèpù mú títí omi fi mù ún dé orúnkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ máàpù tuntun. Ìlà náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé pákó tó kẹ́yìn. Ọ́fíìsì gba iṣẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ Aláàlà, ó wá di ẹni tó ń wọn pátákó ìpolówó ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wá láìmú téèpù dání. Omi ti fà. Káfíńtà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí dé òpin pákó.

"Ibí ló parí sí bí omi bá fà," ló wí. "Bó bá kún, á gòkè dé ibi tí ẹrẹ̀ ti di bàtà rẹ mú. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ náà." Ó wá béèrè pé, "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ mọ̀?"

Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà náà ni obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé e léjìká, ó sì sọ ọ́ ní kedere pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ń pè láti òkè pé omi ti ń kún, kí Aláàlà àti ọkọ rẹ̀ máa gòkè bọ̀.