Ohùn Mọ́mì Nínú Dísìkì Tó Ṣófo

Fáìlì kan ń jáde láti inú dísìkì tí mo mọ̀ dájú pé ó ṣófo. Òwúrọ̀ òjò ni, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìkùukùu bo gbogbo òkè tó yí wa ká, èmi nìkan sì ni mo wà nínú ilé tí Mọ́mì fi sílẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo sọ dísìkì náà di òfìfo. Nígbà ayé Mọ́mì, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n á pe orúkọ mi, wọ́n á béèrè bóyá mo wà nílé, wọ́n á wá gbàdúrà títí. Nígbà náà, mo máa ń ráhùn pé àdúrà yẹn ti gùn jù. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, n kì í lè jẹun àárọ̀ bí mi ò bá tíì gbọ́ ọ̀kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú dísìkì kan lọ́tọ̀.

Kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó sì padà dé láìní nǹkan kan nínú. Mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo ní kí rsync, ètò tó ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn, kó ohùn Mọ́mì wá láti inú dísìkì. Mo ṣì í ṣe: mo fi kọ̀ǹpútà, ẹni tó yẹ kó gbà, sí ipò dísìkì, ẹni tó yẹ kó fúnni. Èyí tó wá burú jù ni pé mo fi àṣẹ ìparẹ́ kún un, èyí tó máa ń pa ohunkóhun tí kò bá sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń fúnni rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà. Kọ̀ǹpútà tó ṣófo sọ dísìkì di irú ara rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé.

Samson, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àrámọkọ, yẹ dísìkì náà wò títí, ó mi orí.

"Dèjì, pẹ̀lẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, kọ́kọ́ ní kí rsync dán an wò. Á sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ kó tó ṣe é."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí rsync dán dísìkì náà wò ní òwúrọ̀ òjò yẹn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mi ò ní ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Ó ní fáìlì kan fẹ́ wá láti inú dísìkì. Mo jẹ́ kó wá, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́.

Òjò ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀, lórí páànù. Àrá sán lókè ilé wa, ó sán nínú fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ohùn Mọ́mì dé, jẹ́jẹ́.

"Dèjì. Ọládèjì. Ṣé o wà ní ulé?"

Wọn ò gbàdúrà. Wọ́n ń dúró.

Mọ́mì fúnra wọn ló kọ́ mi láti kékeré pé bí wọ́n bá pè mí, tí mi ò rí ẹni tó pè mí, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Mo rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí bóyá mo wà nílé.

"Mo wà ní ulé, mà," ni mo wí.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ síta pé òun ti ń pa nǹkan kan rẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fi àṣẹ ìparẹ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Mo yẹ fódà wò kíákíá. Fáìlì Mọ́mì ṣì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó dín. Ó wá kọ ọ́ pé apá méjèèjì, ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà, ti dọ́gba.

Inú mi dùn débi pé mo sáré jáde lọ bá Ìyá Faith, aládùúgbò wa, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ọmọ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀. Aṣọ mi kò tutù, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Faith, ẹ káàárọ̀ mà! Mo ti rí ohùn Mọ́mì!"

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé wa, wọ́n wo ojú títì, ojú wọn sì gba ara mi kọjá. Faith la ẹnu láti dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ yára fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má dáhùn," ni wọ́n sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́. "Ohùn Dèjì ni, àmọ́ mi ò rí i."

Mo wà níwájú wọn, igbá ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo tún pè wọ́n.