Ojú Ewé Ló Kà, Kò Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Agbẹ̀bí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti gbẹ̀bí fún obìnrin kan kó tó jẹun àárọ̀, ìyá ń sinmi, ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ èyí tó gbayì, ó sì forí lé ilé àkójọ ìwé ìjọba.

Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ ti fẹnu kò pé àwọn máa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ayé bàbá, pàápàá ìgbà tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ti pẹ́ gan-an tí bàbá ti fipò sílẹ̀, àmọ́ Ọnọrébù ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Bó o bá pè é ní nǹkan mìíràn, etí ẹ̀ á di lójijì, kò ní gbọ́. Àwọn àgbà tiẹ̀ máa ń sọ pé òun ló gba ilẹ̀ tí ilé ìgbẹ̀bí wà lórí ẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí tí Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí ẹ̀ yìí. Báwo ló ṣe gbà á? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Bàbá kì í sọ ọ́, àwọn ọmọ náà ò sì bi í.

Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé níbẹ̀, Baba Pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń pè é, torí pé pẹ́ńsùlù nìkan ló máa ń jẹ́ kéèyàn mú wọlé. Bó o bá yọ bíírò lójú ẹ̀, bíi pé o yọ ọ̀bẹ ni. Òfin rẹ̀ wà lára ògiri, ó kọ ọ́ gàdàgbà: báàgì dúró síta, omi dúró síta, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tó ń kàwé.

"Ẹ káàárọ̀ sà," Agbẹ̀bí ní. "Ọmọ Ọnọrébù ni mí."

"Háà! Ọmọ Ọnọrébù!" Baba Pẹ́ńsùlù dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

"Báàgì mi ńkọ́? Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ sára ògiri."

"Ẹ mú un dání jàre. Àwọn tá ò mọ̀ rí la ṣe òfin yẹn fún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ohun tó ń ba ilé ìjọba jẹ́ ju ikán lọ nìyẹn.

Baba Pẹ́ńsùlù gbé ìwé ńlá kan wá, ó rọra gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Gbogbo ọ̀rọ̀ táwọn aṣòfin sọ nínú ilé ló wà níbí, bó ṣe ti ẹnu kálukú jáde. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra ṣí i. Òun nìkan ló kù. Èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin fúnra wọn, òjò ti pa á, a ò sì tíì ya fọ́tò èyí sínú kọ̀ǹpútà."

Ó yẹ kó jókòó tì í. Àmọ́ ta ló máa jókòó máa ṣọ́ ọmọ Ọnọrébù bí olè? Ó ní òun ń bọ̀, ó lọ bá iṣẹ́ mìíràn lọ́fíìsì rẹ̀.

Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó rí ibi tí bàbá rẹ̀ ti jà fún ọ̀nà, ó dà á kọ. Ó rí ibi tó ti gbèjà àwọn tíṣà, ó tún dà á kọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ṣí ewé kan tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ilé ìgbẹ̀bí, ó ní áà, ibi tí mò ń wá gan-an rèé. Ohun tó wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nìyí:

"Kí la fẹ́ fi ilé ìgbẹ̀bí ṣe? Àwọn ìyá wa bímọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n bí sójú ọ̀nà oko, wọ́n sì gbé ẹrù wọn délé. Àwọn obìnrin òde òní ti lẹ jù. Èyí tí kò bá lè bímọ láìjẹ́ pé ìjọba di ọwọ́ ẹ̀ mú, kó yáa má lóyún."

Akọ̀wé ilé wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín."

Agbẹ̀bí ti bá aláboyún kan wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ńlá rí, obìnrin náà di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ọwọ́ yẹn fi rọ. Òun ló pa ojú ẹ̀ dé. Bàbá tó fẹ́ràn jù láyé yìí ló wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì fi ṣẹ̀fẹ̀! Ojú tì í, ojú tì í débi pé ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bá a kà á. Nísàlẹ̀ ojú ìwé yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin aṣòfin kan dìde láti fèsì. Ibẹ̀ ni ojú ìwé parí sí. Ká ní ó yí i pẹ́rẹ́ báyìí, ì bá ti rí ìyókù. Kò yí i. Ó di etí ewé náà mú, ó húkọ́ kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ẹ̀, ó fà á ya. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú báàgì tí kò yẹ kó mú wọlé.

Nígbà tó délé, ó tan sítóòfù, ó sun ún. Ó ní òun ti gba bàbá òun sílẹ̀.

Wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ náà, ó rẹwà. Gbogbo èèyàn ní bàbá rere ni Ọnọrébù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníṣòwò ilẹ̀ kan dé sílé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti irin. Ó ń ri irin mọ́lẹ̀ láàárín aṣọ àwọn ọmọ ìkókó tí wọ́n sá sórí okùn. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, àti èyí tí ilé wà lórí ẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ sí. Ó ní kí wọ́n fi ìwé hàn òun bó bá jẹ́ tiwọn.

Wọ́n bá gba lọ́yà kan, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn aláboyún, ó ní, "Pé àwọn àgbà sọ pé Ọnọrébù ló gbà á, ìyẹn ò tó ní kóòtù. Àmọ́ bó bá jẹ́ ilé ìgbìmọ̀ ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Kì í ṣe nǹkan àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè lọ béèrè, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún un, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é látijọ́! Ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń lọ síbẹ̀ lọ́la."

Nígbà tó padà dé, ojú ẹ̀ le koko.

"Wọ́n ti ya á," ó ní. "Ìwé náà ní atọ́ka lẹ́yìn, ibi tí wọ́n to àkòrí ọ̀rọ̀ sí. Atọ́ka sọ pé wọ́n ya ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí sọ́tọ̀, ó sì sọ ojú ìwé tó wà. Mo ṣí i, kò sí ńbẹ̀. Ewé kan ṣoṣo ni olóríburúkú náà fà ya. Bí atọ́ka ṣe wí, ojú ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí wọ́n ka ààlà ilẹ̀ náà láti igun dé igun. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí oníṣòwò yẹn san fún un."

Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣépè fún ẹni tó ya á, wọ́n ń wo Agbẹ̀bí pé kó ṣe àmín. Ó ṣe é.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọnọrébù jókòó sí iwájú ilé, ó ti gbọ́, inú ẹ̀ ò dùn.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí ẹ gba ilẹ̀ yẹn?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Mo ṣì kéré nígbà yẹn, agbára ń gùn mí. Mo dìde, mo bú àwọn obìnrin, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin aṣòfin kan wá dìde, kò tiẹ̀ gbóhùn sókè. Ó ní, 'Ọnọrébù, níbo ni ìyàwó tiyín bímọ sí lóṣù tó kọjá?'"

"Níbo ni, sà?"

"Ìwọ ni wọ́n bí. Ilé ìwòsàn ńlá ni mo gbé màmá ẹ lọ, mọ́tò ìjọba ló gbé wa, dókítà ti dúró dè wá. Mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé, èmi náà ni mo sì dá a lábàá pé kí wọ́n ya ilẹ̀ yẹn sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tà á láéláé. Lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé ní ṣé kí òun yọ èébú yẹn kúrò. Mo ní rárá, kó wà níbẹ̀. Mo ní káwọn ọmọ mi rí ibi tí mo ti ṣubú, kí wọ́n sì rí ibi tí mo ti dìde."

Agbẹ̀bí kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. "Bàbá, èmi ni mo ya á. Mo ti sun ún."

Bàbá wò ó. Ó wá ní, "Ṣé o kà á tán?"

"Rárá, sà."

"O fẹ́ fi aṣọ bò mí," bàbá ní, "o sì tú mi sí ìhòòhò. Dìde. Jẹ́ ká lọ bá lọ́yà."

Wọ́n yà lọ́dọ̀ Baba Pẹ́ńsùlù kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó sílé ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Agbẹ̀bí ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún.

"Mà, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ó ní. "Orúkọ yín nìkan ló wà lákọsílẹ̀ pé ó ka ìwé yẹn. Kò wù mí kí n dárúkọ yín. Ẹ̀bi tèmi náà ńkọ́? Ká ní ẹlòmíì ni, ǹ bá ti gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀, ǹ bá sì ti jókòó tì í. Ṣé ẹ rí i, ọ̀wọ̀ tí mo bù fún yín ló pa àwa méjèèjì."

"Ojú ló tì mí, sà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i."

"Ẹ ò bá ti bi mí! Bí ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀ bá dùn yín, ẹ kọ tiyín. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ sí i, a ó tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹ lè fi kún un. Ẹ ò lè yọ níbẹ̀."

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Àwọn obìnrin àdúgbò kún kóòtù fọ́fọ́, àwọn mìíràn gbé ọmọ pọ̀n. Agbẹ̀bí kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bojú wolẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọnọrébù tẹ ọ̀pá lọ sórí ibi ìjẹ́rìí. Lọ́yà oníṣòwò ilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá, ẹ ní ẹ rántí gbogbo ẹ̀. Ó dáa. Kí lẹ sọ gan-an nípa àwọn obìnrin lọ́jọ́ náà? Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́."

Kò sí ìwé tí wọ́n lè kà mọ́, ẹnu bàbá ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọnọrébù wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin, ó sì sọ ọ́ tán láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí ọmọ ẹ̀ kú sọ́nà ilé ìwòsàn dìde, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ì bá máa kà jẹ́jẹ́ lọ́dún, pẹ̀lú àforíjì lẹ́yìn ẹ̀, ìgboro ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Agbẹ̀bí fọwọ́ bojú. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọ inú ẹ̀ lọ.

Adájọ́ ní òun gba ohun tí atọ́ka sọ, pé wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ààlà ẹ̀ ńkọ́? Bàbá ò rántí, ta ló sì lè rántí ìwọ̀n ilẹ̀ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀? Ó fi ibi tí ilé ìgbẹ̀bí dúró sí sílẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Wọ́n bu owó ìtanràn lé Agbẹ̀bí, wọ́n yọ ọ́ nípò olórí, abẹ́ ẹni tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ ló wà báyìí. Baba Pẹ́ńsùlù ò padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lò ó fún irú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ẹ̀sín Ọnọrébù ò pa á, ó ṣì ń jẹun. Àwọn tí kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni ikú ń dọdẹ. Ẹ̀yin ọmọ olóyè àti ọmọ aṣòfin, ìwé tí wọ́n kọ nípa òbí yín nílé ìjọba kì í ṣe ogún yín. Ti gbogbo wa ni. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá dójú tì yín, ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ kọ tiyín tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ìwé, ẹ gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ ọba, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ tálákà, kẹ́ ẹ sì tètè ya fọ́tò ìwé kí òjò tó dé. Ẹ̀yin ará àdúgbò, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lẹ ní lórí ilẹ̀ ilé ìwé yín tàbí ti ilé ìwòsàn yín, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ẹni tó ń gbé irin bọ̀.

Oníṣòwò yẹn ti mọ ògiri yí ilẹ̀ ẹ̀ ká. Lánàá, aláboyún kan nílò iṣẹ́ abẹ, Agbẹ̀bí sì jáde sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí mọ́tò.