Ìpààlà Tí Kò Fa Òógùn Mu

Ilé iṣẹ́ bátìrì ti jó tán kí Àǹtí Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó débẹ̀ láàárọ̀. Ọlọ́pàá sì ti mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń to bátìrì pọ̀ níbẹ̀ lọ. Ọ̀gá Táì, alájọṣe wọn, ló nàka sí i. Ó ní àwọn jọ fa ọ̀rọ̀ lánàá, ó sì dá òun lójú pé àbúrò yìí ló fi iná sí ilé iṣẹ́ náà. Bó ṣe ń rojọ́, táì ọrùn rẹ̀ kò wọ́ rárá.

Àǹtí kò sunkún. Ara rẹ̀ ti kú látòkè délẹ̀. Ó wọ àárín eérú, ó di ilẹ̀kùn irin kan tó ṣì gbóná mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, kò mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n bá a fi aṣọ di ọwọ́ náà, ó sì dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá gbé báàgì.

Òun ló ń ṣe ìpààlà fún ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú bátìrì kí apá rẹ̀ méjèèjì má baà kanra. Bí wọ́n bá kanra, iná dé nìyẹn. Ọ̀rá ni àwọn ẹlòmíràn ń lò. Èèpo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Àǹtí ń sè ní tiẹ̀, á lọ̀ ọ́ kúnná, á tẹ́ ẹ sórí ìró àtijọ́ kan títí á fi gbẹ. Tiẹ̀ kì í súnkì bó bá gbóná, bó bá sì gbó, á jẹrà sínú ilẹ̀. Ọ̀gá Táì ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó o wá sí ilé iṣẹ́, òun náà ló sì ń gbé e kiri fún àwọn oníbàárà, ẹlẹ́nu dídùn ni.

Nínú yàrá ìkẹ́rùsí tí iná náà kò jó dé, Àǹtí tú páálí ìpààlà kan. Ó fi ọwọ́ tí kò bó pa abala kan síwá sẹ́yìn. Ó jọ̀lọ̀. Tiẹ̀ kì í jọ̀lọ̀ lẹ́yìn, ojú òwú ìró yẹn máa ń hàn lára rẹ̀. Ọ̀rá lásán ni wọ́n fi ọ̀dà kùn yìí.

Ó mú un tọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ìyá àgbà kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ta ló ń kó o wọlé?"

"Ọ̀gá Táì ni, mà."

"Tìẹ wá ńkọ́?"

Àǹtí ní òun kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé Ọ̀gá Táì, tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná lórí tábìlì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Aládùúgbò kan ní ó gbé àpótí kan gba ọ̀nà gáréèjì. Bọ́ọ̀sì ti ń yí jáde nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ìyá ọlọ́pàá lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́, bọ́ọ̀sì dúró. Ọ̀gá Táì gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn bẹ́, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ kọ́ irin fèrèsé, ibi tó ti ń bá a jà ni wọ́n ká a mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Àǹtí ì bá rẹ́rìn-ín títí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ṣí àpótí náà, ìpààlà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá Táì ní òun fẹ́ lọ fi han oníbàárà ni.

"Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ìkẹ́rùsí?"

"Ọ̀kan náà ni, mà."

"O lè búra?"

"Mo lè búra."

Fáànù àgọ́ ọlọ́pàá ti bàjẹ́, òógùn sì ti bo Ọ̀gá Táì. Àǹtí mú abala kan nínú ti ìkẹ́rùsí, ó nà án sí i.

"Ẹ nu ojú yín."

Ọ̀gá Táì wo ìyá ọlọ́pàá. Ìyá ní kó nù ún. Ó nù ún, nù ún, òógùn kàn ń yọ̀ kiri ojú rẹ̀ ni, ó ń kán sórí táì. Àǹtí fún un ní ti inú àpótí. Ó fi kan iwájú orí lásán, iwájú orí gbẹ, abala náà sì rin.

"Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń fa omi mu," Àǹtí sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọ̀rá kì í fà á. Ẹ ní ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ọ̀gá Táì wo abala méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ń ta ìpààlà Àǹtí fún ilé iṣẹ́ mìíràn, òun sì ń fi ọ̀rá rọ́pò rẹ̀ nínú bátìrì tiwọn. Bátìrì gbóná níbi tó ti ń gba iná, ọ̀rá súnkì, apá méjèèjì kanra. Bí òun ṣe rí èéfín ni òun ti mọ ohun tó fà á, òun sì nílò ẹni tí òun máa di ẹ̀bi náà rù.

"O mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lò ń rán ọmọ yẹn lọ?"

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n ṣí àtìmọ́lé. Àbúrò Àǹtí jáde, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," ó sì gbá a lọ́wọ́ mú. Ìgbà yẹn ni ìrora dé, láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé èjìká, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Rọra," Àǹtí sọ. "Ọwọ́ yẹn ń dùn mí."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.