Iyán Àlejò

"Arúgbó tí kò mọ̀wé, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?" Àdúràgbèmí, ọmọ iléèwé, yínmú sí ilé Màmá Ẹfúnróyè tó wà lẹ́yìn igi obì, ó sì kọjá lọ.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá Gabriel, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá omi abẹ́ ilẹ̀, rán an kò le: kó bẹ gbogbo ilé ní abúlé náà kí wọ́n má gúnyán láàárọ̀ yẹn. Ọ̀gá ti ri àwọn irinṣẹ́ kéékèèké bí etí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi òòlù lu irin, ìró á wọlẹ̀, àwọn etí náà á gbọ́ bó ṣe ń padà, kọ̀ǹpútà á sì ya àwòrán ibi tí àpáta ti sán. Inú ibi sísán yẹn ni omi wà. Kànga mẹ́ta ti gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Odò jíjìn ni Àṣàkẹ́, ìyá Àdúràgbèmí, ń fi orúnkún tó ń dùn ún lọ pọnmi.

"O dé gbogbo ilé?" Ọ̀gá Gabriel bi í.

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Wọ́n lu irin títí oòrùn fi mú. Nígbà tí Ọ̀gá Gabriel wo àwòrán, ó dàrú wúruwùru. "Ìró mìíràn ti kó wọ̀ ọ́. Ta ló ń gún nǹkan?"

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ilẹ̀. Ni Màmá Ẹfúnróyè bá yọ, ó ru igbá iyán ńlá. "Ẹ wá jẹun o, ẹ̀yin àlejò wa. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gún un."

Gbogbo ojú yí sí Àdúràgbèmí. Màmá náà wò ó. "Ìwọ lo kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi tí ò ń yínmú. Mo ṣe bí imú ló ń yún ọ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, Àdúràgbèmí kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ọ̀gá Gabriel ń ká okùn rẹ̀. "Àwọn ará ìlú Ọ̀rà ń retí wa lọ́sàn-án yìí. Ó di oṣù méjì ká tó padà wá."

Fún oṣù méjì, orí Àdúràgbèmí ni korobá odò wà. Nígbà tí Ọ̀gá Gabriel padà dé, ilé Màmá Ẹfúnróyè ni Àdúràgbèmí kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gúnyán."

"Dìde. Ẹ̀bà ni wọ́n máa jẹ lónìí."

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ìwé kíkà kò fún wa láṣẹ láti fojú tín-ín-rín ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà kò ṣàṣìṣe, màmá náà kò ṣàṣìṣe. Ìgbéraga ọmọ kan ló fi oṣù méjì kún ìyà gbogbo abúlé.